Wọ́n Fi Atukọ̀ Mi Fọ́kọ Nígbà Tí Mi Ò Sí Nílé

Mo fẹ́ kí ó yé yín láti ìbẹ̀rẹ̀ pé obìnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò fìgbà kan wà láyé. Inú eré ni ó wà. Èmi ni mo dá a, orí bébà ni mo dá a sí, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú nígbà náà gẹ́gẹ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Ó di dandan kí n kọ́kọ́ sọ èyí, torí ìgbàkígbà tí mo bá ti ń ro ẹjọ́ yìí, ẹnìkan á ṣáà rẹ́rìn-ín, á ní, "Ṣé torí eré lo ṣe ń bínú láti ọdún gbọọrọ yìí wá?" Bẹ́ẹ̀ ni. Torí eré ni. Bí ẹ bá ti rẹ́rìn-ín yín tán, ẹ jẹ́ kí n to ohun tí wọ́n ṣe lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ wá dá a fúnra yín.

Ìgbà tí Àkúrẹ́ ṣì jẹ́ olú-ìlú tiwa ni, tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé Ìkẹ́rẹ́ máa ń jí wọkọ̀ lọ síbẹ̀ láàárọ̀, tí yóò sì fi eruku bora dé lálẹ́. Ẹ̀gbọ́n màmá mi kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo dé láti London, ó rí iṣẹ́ ní Àkúrẹ́, ó sì kó wọn sínú ilé tó ń kọ́ lọ́wọ́ ní ìtòsí tiwa. Wọn kò tíì rẹ́ ilé náà, wọn kò sì tíì fi fèrèsé sí òkè. Ọmọ yẹn ju mi lọ díẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí à ń pè ní "ẹ" àti ẹni tí à ń pè ní "o". "O" ni ó máa ń pe bàbá mi, bàbá mi a sì máa dá a lóhùn bí ẹni tí kò gbọ́. Nínú ẹrù rẹ̀ ni páálí kan wà tí ó gbé dání bí ẹyin láti pápá ọkọ̀ òfúrufú dé Ìkẹ́rẹ́. Ìwé ló wà nínú rẹ̀, àti dáìsì bíi ti lúdò, ṣùgbọ́n kò sí pátákó, kò sì sí ọmọ ayò.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe eré náà. Ẹni kọ̀ọ̀kan yóò di ẹlòmíràn, ẹni tó ń gbé ní ayé tó ń bọ̀, nígbà tí àwọn ènìyàn yóò máa wọ ọkọ̀ láti orí ìràwọ̀ kan dé òmíràn bí a ṣe ń wọ ọkọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Adó. Ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó ni rẹfirí. Òun ni yóò sọ irú ibi tí ẹ gúnlẹ̀ sí àti ohun tí ẹ bá níbẹ̀. Ẹ̀yin yòókù yóò sọ ohun tí ẹni tiyín ṣe. Bí ohun náà bá le, ẹ ó ju dáìsì méjì. Bí iye tí ẹ jù, pẹ̀lú máàkì iṣẹ́ tí ẹni tiyín mọ̀, bá tó mẹ́jọ, ó bọ́ sí i. Bí kò bá tó, ẹ ó fara mọ́ ohun tó bá dé. Ọmọ London yìí ni rẹfirí wa, Rẹfirí náà ni a sì ń pè é.

Àwa mẹ́ta la ń bá a ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ akọ̀wé ìjọba ní Àkúrẹ́, wà níbẹ̀. Ẹnì kejì ni ayálégbé wa, ọmọ Ìlasà kan tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé gíga tó wà nílùú wa, tí gbogbo ilé ń pè ní Tísà kí ó tó di tísà rárá. Èmi ni mo kéré jù. Mo ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì, mo ń retí èsì ìdánwò yunifásítì, iṣẹ́ mi nínú ilé nígbà yẹn sì ni láti pọnmi, láti dáná, àti láti gbọ́ "wá" kí ẹni tó ń pè mí tó pè é tán.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí o fẹ́ dà gbọ́dọ̀ ti gbé ayé díẹ̀. Dáìsì ni yóò sọ iṣẹ́ tó ṣe ní èwe, ohun tó kọ́ nídìí rẹ̀, àti bóyá iṣẹ́ náà pa á. Àwọn mìíràn ti kú kí wọ́n tó dénú eré. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, o lè dá a dúró kí o ní ó tó. Bí o bá sì láyà, o lè rán an padà sẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún díẹ̀ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe jagunjagun. Wọ́n lé e kúrò nínú iṣẹ́ ológun kí ó tó mọ ìbọn yìn dáadáa. Tísà ṣe oníṣòwò, ó sì tètè dá tirẹ̀ dúró. Èmi ni mi ò dúró. Mo rán tèmi lọ, mo tún rán an lọ, gbogbo wọn sì ń pariwo pé ó máa kú, ó máa kú. Kò kú. Nígbà tí mo dáwọ́ dúró, ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, orúnkún kan ti ń dùn ún, kò sí ẹni tó mọ ọkọ̀ tù bíi tirẹ̀ láàrin wa, dáìsì ìkẹyìn sì ta á ní ọrẹ ọkọ̀ ògbólógbòó kan.

Rẹfirí yẹ ìwé rẹ̀ wò títí. "Ọkọ̀ yẹn, tirẹ̀ ni. Òun ni ọ̀gá níbẹ̀."

"Òun wo?" Ẹ̀gbọ́n mi ló bi í.

"Àbúrò rẹ."

"Àbúrò mi yìí? Èyí tó pọnmi tí mo fi wẹ̀ láàárọ̀?"

"Kì í ṣe òun. Obìnrin inú bébà yìí. Ó dàgbà ju bàbá ẹlòmíràn lọ. Ìwọ jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún."

"Gbọ́, ìwọ ọmọ òyìnbó. Nílùú yìí, kékeré kì í pàṣẹ fún àgbà."

"A ò sí nílùú yìí," Rẹfirí wí. "Inú ìràwọ̀ la wà."

Tísà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi wo ojú mi bí ẹni pé èmi ni mo kọ ìwé òfin náà. Ó gbà, ṣùgbọ́n ohun tó gbà lójú wa lọ́jọ́ náà kò wọ̀ ọ́ nínú. Kí ẹ mọ èyí, torí ibẹ̀ ni ohun gbogbo ti wá.

Mi ò fún un lórúkọ. Atukọ̀ la ń pè é. Mo fún un ní ìrìn ìyá bàbá mi, tó máa ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ jẹ ẹ́ ní gbèsè. Mo ní orí ayé olókùúta ni wọ́n ti bí i, níbi tí àpáta ga tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn fi máa ń pẹ́ kó tó yọ. Ẹni tó bá ti jí ní Ìkẹ́rẹ́ rí mọ ibi tí mo ti rí i. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kì í bẹ̀bẹ̀. Kì í kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn. Èmi tí mo máa ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbẹ́nu sọ̀rọ̀ ní pálọ̀ bàbá mi, tí mo bá ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú ilé tí a kò rẹ́ yẹn lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn mi á yí padà láìjẹ́ pé mo ṣe é. Rẹfirí ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀. Ó ní, "Nígbà tí o bá jẹ́ òun, o kì í sọ pé 'ẹ jọ̀ọ́'."

Ìgbà kan wà tí a gúnlẹ̀ sí ayé kan tí àìsàn ti wọ̀. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ rọ́ wá sídìí ọkọ̀, wọ́n gbé ọmọ dání. Tísà ní kí á ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó lè sanwó nìkan. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí á má ṣílẹ̀kùn rárá, kí á gbéra. Mo ní Atukọ̀ kò gbéra. Mo ní ó sọ̀kalẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń kà wọ́n wọlé, àwọn ọlọ́mọ ṣíwájú, títí ọkọ̀ fi kún. Rẹfirí ní kí n ju dáìsì bóyá ọkọ̀ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ yóò gbéra. Ó gbéra. Mo rántí bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ní, "Ó dára, ọ̀gá." Ọ̀gá. Ó pè é bẹ́ẹ̀ láìmọ̀, ó sì mọ̀ lẹ́yìn tó pè é tán. Lọ́jọ́ kejì ó ní omi tí mo pọn fún un dọ̀tí, kí n lọ pọn òmíràn.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn èyí, àbúrò màmá mi bímọ ní Ẹmùré, wọ́n sì rán mi lọ bá a tọ́jú ọmọ: kí n máa gbé omi gbígbóná, kí n máa fọ aṣọ ọmọ, kí n máa gba àlejò. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́ lọ. Kì í ṣe ohun tí à ń bi ọmọbìnrin. Kí n tó lọ, mo gbé bébà Atukọ̀ fún Rẹfirí pamọ́. Mo sì rán an létí òfin tí gbogbo wa jọ ṣe: ẹni tí kò bá sí níjòókòó, ẹni tirẹ̀ ń sùn nínú yàrá rẹ̀ nínú ọkọ̀. A kì í jí i. A kì í rán an níṣẹ́. Nǹkan kan kì í ṣe é. Ó ní, "Mo mọ̀. Yóò sùn." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ìlérí yìí.

Nígbà tí mo padà dé láti Ẹmùré, ẹrù mi ṣì wà lórí mi nígbà tí màmá mi pè mí sí ẹ̀yìn.

"Ta lo fún ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí?"

Yàrá ẹ̀yìn ni ó máa ń kó iṣu sí. Ó ti ṣa àwọn tó tóbi jù sọ́tọ̀ fún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ṣílẹ̀kùn fún mi. Ibi tí wọ́n wà ti ṣófo.

"Ẹmùré ni mo wà, ẹ̀yin màmá mi."

"Kí o tó lọ ni mò ń wí. Ìwọ lo mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Uṣu Ọlọ́run. Ọkùnrin wo lo kó o fún?"

Mo búra. Ó ní kí n má fi ìbúra dá kún un. Ó ti sọ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ojú mi ti ń là, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ti ń sọ ọ́ láti ulé dé ulé, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe wí, kí n tó wọkọ̀ kúrò ní Ẹmùré. Wọ́n ti dá mi lẹ́bi olè àti ti ọkùnrin pa pọ̀, mi ò sì sí nílé láti dáhùn ọ̀kankan.

Mo ń lọ sí yàrá mi nígbà tí Tísà yọ sí ẹnu ọ̀nà iwájú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí sìmẹ́ǹtì.

"Ẹ káàbọ̀, àna mi."

Mo rò pé ó ti rí ẹnìkan nínú ẹbí wa tó fẹ́ fẹ́. Mo bi í pé ta ni.

"Ẹ má bínú pé a ò dúró dè yín. Gbogbo ẹ̀tọ́ la ṣe. A gbọ́n, a ò fi ohun kan sílẹ̀." Ó dìde, ó ń gbọn eruku eékún rẹ̀. "Ìyàwó mi ní kí n kí yín. Ó wà nídìí ọkọ̀."

Ọ̀dọ̀ Rẹfirí ni mo ti gbọ́ ìyókù. Bí ó ṣe rí mi ni ó ti ń bẹ̀bẹ̀ kí n tó bi í. Ó ní òun kò rí ìdána rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi àti Tísà ni wọ́n mú un wá pé kò bójú mu kí obìnrin tó tó bẹ́ẹ̀ máa gbé inú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú ọkùnrin méjì láìlọ́kọ, pé àwọn fẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí hàn án. Wọ́n tẹ́ ẹní sínú ilé tí a kò rẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó gẹ́gẹ́ bíi bàbá ìyàwó. Tísà dọ̀bálẹ̀. Wọ́n gbé obì, orógbó, ataare àti oyin kalẹ̀, wọ́n gbé iṣu kalẹ̀. Wọ́n gbàdúrà. Wọ́n sì kó iṣu náà fún ìyá kan tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá ilé-ìwé gíga pé kó fi gún iyán fún àwọn, gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ Tísà wá jẹ ẹ́.

"Ta ló bi ìyàwó?" Mo ní.

"Kí ni?"

"Ẹ ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí lẹ fẹ́ rí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí, wọ́n á pe ọmọbìnrin náà jáde. Wọ́n á bi í pé kí àwọn gbà á tàbí kí àwọn má gbà á. Wọ́n á bi í lẹ́ẹ̀mẹta, òun fúnra rẹ̀ á sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ta ló bi í?"

"Wọ́n ní bí kò bá sí nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lè dáhùn fún un."

"Ó wà nílé. Ó ń sùn. Ìwọ lo ní yóò sùn."

Ó bojú wolẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa rẹ̀: kò burú. Àṣà tí kò mọ̀ ni wọ́n fi mú un, bí wọ́n ṣe ń fi obì mú ọmọdé. Ṣùgbọ́n bébà wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun sì ni rẹfirí. Ó gbà kí wọ́n fi obìnrin tó ń sùn fọ́kọ.

Mo bi í pé kí ló yí padà nínú eré báyìí. Ó ní Atukọ̀ ṣì ni yóò máa tu ọkọ̀, torí kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n tù. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ni yóò máa pàṣẹ. Wọ́n ti ṣe ìjókòó kan bẹ́ẹ̀. Tísà ló ń sọ̀rọ̀ fún un nínú ìjókòó náà, nítorí ọkọ rẹ̀ ni. Ó fi ohùn tín-ín-rín sọ̀rọ̀, ó ní, "Olówó orí mi, ṣé kí n yà sótùn-ún?", gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Rẹfirí sọ fún mi pé òun náà rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́ pé ó sọ ọ́. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe, ohùn yẹn ni mi ò tíì lè gbé mì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo gbé ẹjọ́ náà lọ bá bàbá mi. Ìsẹ̀ ló ti ń kọ́ni, ibẹ̀ ló ń gbé láàrin ọ̀sẹ̀, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé. Ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ ní pálọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo ní ẹjọ́. Ó gbé bírò sílẹ̀, torí ó fẹ́ràn kí wọ́n gbé ẹjọ́ wá bá a. Mo rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí mo dé ibi tí Atukọ̀ ti gba ọkọ̀, ó ní, "Ọkọ̀ kí ni?" Mo ní ọkọ̀ tó ń lọ láàrin ìràwọ̀. Ó mi orí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ọkọ̀ akérò ni, ó ní kí n máa bá a lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ó ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi àti Tísà. Wọ́n wọlé, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn.

"Mo gbọ́ pé ẹ ti ṣe ìyàwó," bàbá mi wí.

"Eré ni, Bàbá," ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

"Mo mọ̀ pé eré ni. Ẹ gbé iṣu kalẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," Tísà wí. "Gbogbo ohun tó yẹ pátá."

"Iṣu eré ni?"

Bàbá mi yíjú sí Tísà.

"Tísà. Ọmọ Ìlasà ni ọ́. O kò dá oko níbí. Owó oúnjẹ rẹ, bàbá rẹ ló ń fi ránṣẹ́. Níbo lo ti rí iṣu tó tó ti ìdána?"

Màmá mi ti dé ẹnu ọ̀nà ìdáná pẹ̀lú ọmọ-orógùn lọ́wọ́. Ó ti gbọ́ "iṣu". Tísà wo ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ mi rèé, ẹ̀yin bàbá mi," mo ní, mo sì sọ ohun tí mo ti tò sínú láti ọjọ́ tí mo ti dé. "Iṣu ilé wa ni wọ́n fi fẹ́ ọmọ ilé wa. Ọkọ kò mú ohunkóhun wá. Ẹni tó jókòó bíi bàbá ìyàwó ló jí ohun ìdána gbé fún ọkọ ìyàwó. Wọn kò bi ìyàwó. Ìyàwó ń sùn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gbé e lọ síwájú àwọn àgbà ìlú yìí, kò sí ìgbéyàwó níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ pàṣẹ pé kí wọ́n dá a padà fún mi bí mo ṣe fi í sílẹ̀."

Màmá mi kọjá lára mi. Kò lu ẹnikẹ́ni. Ó kàn dúró lórí ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú ọmọ-orógùn náà, ó ní, "Uṣu Ọlọ́run ni o fi gba àna. Ìwọ. Àkọ́bí mi." Ọ̀rọ̀ yẹn dun ẹ̀gbọ́n mi ju ẹgba lọ.

Bàbá mi dájọ́ wẹ́rẹ́. Tísà àti ẹ̀gbọ́n mi yóò lọ sóko ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wọn ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí tí iṣu tí wọ́n bá gbà yóò fi tó ìwọ̀n èyí tí wọ́n kó. Wọn ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fúnra wọn lójú gbogbo ìjọ. Wọn ó sì lọ sọ fún gbogbo ẹni tí màmá mi ti bá sọ ọ́ pé èmi kọ́ ni olè. Ó tún pàṣẹ fún màmá mi pé kó bẹ̀ mí. Màmá mi bẹ̀ mí. Mi ò mọ ilé tí bàbá ti ń pàṣẹ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, mo sì mọyì rẹ̀.

"Atukọ̀ ńkọ́, sà?" mo ní.

Ó ti gbé bírò rẹ̀. "Atukọ̀ wo?"

"Èyí tí wọ́n fi fọ́kọ."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ìyẹn, eré yín ni. Ẹ lọ parí ẹ láàrin ara yín." Ó fa ìwé ọmọ ilé-ìwé kan mọ́ra. Ó ti tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ti dá mi láre lórí ohun gbogbo tí mi ò torí rẹ̀ wá.

Mo ti lọ sí yunifásítì lẹ́yìn ìgbà náà, mo ti ka ìwé lórí bí wọ́n ṣe ń dájọ́, mo sì ti wá mọ orúkọ tí wọ́n ń pe irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Kò dín ìbínú mi kù. Àwọn méjèèjì jáde, ẹ̀gbọ́n mi sì sọ lẹ́nu ọ̀nà, kí n lè gbọ́: "Bàbá ti dá ti iṣu. Kò dá ti ìyàwó. Ìyàwó ṣì wà nílé ọkọ." Tísà ní, "Mo ti ń fi iṣẹ́ oko san án báyìí. Ìyàwó tí ènìyàn fi òógùn ara rẹ̀ fẹ́." Ó dùn mọ́ wọn nínú. Ìdájọ́ tí mo gbà ni wọ́n wá fi ti ìgbéyàwó náà lẹ́sẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo lọ jókòó. Wọ́n rò pé mo ti gbà. Tísà sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Ẹ̀yin àna mi, ẹ jókòó." Rẹfirí gbé bébà mi fún mi, kò wo ojú mi. Ó ti fi pẹ́ńsù kọ "ìyàwó oníṣòwò" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan ni a ya máàpù wa sí, ìràwọ̀ káàkiri orí rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀. Lọ́jọ́ náà a gúnlẹ̀ sí ayé kan létí kàlẹ́ńdà náà gan-an, ibi eléruku kan tí oníṣòwò ti fẹ́ ra ohun ìlò àtijọ́. Tísà àti ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn sọ̀kalẹ̀ lọ dúnàádúrà.

"Kí ìyàwó mi máa ṣọ́ ọkọ̀," Tísà wí. "Kó bá wa se tíì sílẹ̀."

"Ó gbọ́," mo ní.

Wọ́n bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀ títí. Wọ́n ju dáìsì lórí iye tí wọn ó san. Inú wọn dùn. Mo dúró títí Rẹfirí fi yíjú sí mi pé kí ni Atukọ̀ ń ṣe.

"Ó ti ilẹ̀kùn."

"Ilẹ̀kùn wo?"

"Ilẹ̀kùn ọkọ̀. Àwọn méjèèjì wà níta. Ó ti gbéra."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. "Ó ń lọ síbo?"

Mo gbé ìka lé ibi tí ọkọ̀ wà, mo fà á lọ sí etí kàlẹ́ńdà, mo fà á kọjá etí rẹ̀ sórí tábìlì.

"Kò sí nǹkan níbẹ̀," Rẹfirí wí. "Mi ò tíì ya ibẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Yóò le gan-an. Mẹ́jọ kò ní tó. Mọ́kànlá ni, lẹ́yìn tí a bá ti ro máàkì ọkọ̀ títù rẹ̀ mọ́ iye dáìsì. Bí kò bá tó, ó kú."

"Ó ti ń gbọ́ pé òun máa kú láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i."

Mo ju dáìsì. Ọ̀kan yí bọ́ sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Tísà fẹ́ wò ó, ẹ̀gbọ́n mi ní ó di dandan kí n tún un jù, ilẹ̀ kì í ṣe ibi ayò. Òfin wa ni lóòótọ́. Mo gbé méjèèjì, mo sì tún wọn jù síwájú rẹ̀. Rẹfirí rò ó pọ̀. Ó tún un rò. Ó ní, "Ó kọjá."

A ń gbọ́ àwọn ọmọ tó ń gba bọ́ọ̀lù níta.

"Èmi ọkọ rẹ̀ ńkọ́?" Tísà wí nígbẹ̀yìn.

"Inú eruku lẹ wà."

"Dá a padà," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mo ní kí o dá a padà. Báwo la ṣe máa kúrò níbí?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, ẹ̀gbọ́n mi bi mí ní ìbéèrè, mi ò sì dáhùn, mi ò sì sá.

Rẹfirí yẹ ìwé òfin wò láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó pa á dé. Ó ní, "Kò burú nínú òfin. Ṣùgbọ́n tó bá ti jáde nínú máàpù, mi ò lè mú un wá sínú eré mọ́. Ìwọ náà ò ní lè ṣe é mọ́. Ṣé ó yé ọ?"

Ó ti yé mi kí n tó ti ilẹ̀kùn. Ohun tí mò ń fi sùn wọ́n gan-an nìyí, òun nìkan sì ni ó kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá fún mi: pé ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi láti gbà á lọ́wọ́ wọn ni kí n pàdánù rẹ̀. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn. Mo fẹ́ jókòó lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, kí n sọ ohun tó ṣe. Mi ò tún jókòó mọ́. Eré náà kò lọ jìnnà lẹ́yìn ìyẹn, torí àwọn tó kù kò ní ọkọ̀.

Tísà ti di ọ̀gá ilé-ìwé níbì kan báyìí. Bí a bá pàdé níbi ìsìnkú tàbí ìkómọ, "àna mi" ni ó ṣì ń pè mí, ẹ̀gbọ́n mi a sì máa rẹ́rìn-ín. Níjọ́ kan ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti fẹ́ bi mí tipẹ́. Níbo ni Atukọ̀ wá lọ gan-an?

Mo mọ ibẹ̀. Mo mọ irú òkúta tó wà níbẹ̀ àti irú ẹni tó wá ṣílẹ̀kùn fún un. Mi ò sọ fún un.